Kókó Méjì Lórí Okùn, àti Oòrùn Ràmọ́tù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo iṣẹ́ ọwọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá kí ẹ kọ́ ọ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín bí mo ṣe ṣe é. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo dúró sí. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, ẹ máa bá mi fà á padà sójú ọ̀nà. Jímọ̀ lorúkọ mi. Mẹkáníìkì ni mí, àmọ́ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ mọ́tò ni tèmi, pàápàá ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, níbi tí ṣọ́ọ̀kì wà. Kétu ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ìkòsí ni mo ti ṣe é títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé nígbà òjò tó kọjá yìí, Wàsíù ọmọ mi gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá síwájú ilé mi. Ata ló fi ń kó láti Mile 12 lọ sí Ìkòròdú láràárọ̀. Àwọn obìnrin tó ni ata náà, orí ẹrù ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn, Bọ́sẹ̀ ìyàwó Wàsíù sì wà lára wọn. Nítorí omi tó máa ń dí ojú ọ̀nà tí òjò bá dé, Wàsíù ti ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà ga. Ó sì ga lóòótọ́. Mo ní láti gbọ́rùn sókè kí n tó rí ojú ọmọ mi nínú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti lọ. Mọ́tò yìí ń fò bí ewúrẹ́."

"Ta ló gbé e ga fún ẹ?"

"Àwọn bọ̀bọ́ kan ní Kétu ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ṣé wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì nígbà tí wọ́n gbé e ga?"

Ó họ orí. "Wọ́n ní èyí tó wà níbẹ̀ máa tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "ó máa tó", ọ̀gá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí mo rò ó pé Bọ́sẹ̀ ń jókòó lórí ẹrù mọ́tò yẹn, ó di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀gá mi.

Lámídì lorúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Lámídì là ń pè é. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kétu, kò jìnnà sí títì Ìkòròdú. Bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn tán lórí ìdúró, bàbá mi sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, Gàníyù lorúkọ rẹ̀. Òun ló fún mi ní abọ́ kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì.

"Fọ nọ́ọ̀tì."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀. Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, òmíràn ti délẹ̀."

Nọ́ọ̀tì ni mo fọ̀ títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Ọ̀gá kò kọ́ mi ní nǹkan kan lákòókò yẹn, àfi pé tó bá ti mú nọ́ọ̀tì kan tí ìdọ̀tí ṣẹ́kù sí lára, á jù ú padà sínú abọ́ kẹrosíìnì láìsọ̀rọ̀. Kẹrosíìnì á ta sí mi lójú. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Mo ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi láràárọ̀ láti ọjọ́ tó ti kú.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀kì ni irin gbọọrọ kan tó dà bí páńpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Òróró ló wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ so mọ́ ara mọ́tò lókè, ìdí rẹ̀ so mọ́ irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń gbé ẹrù o, sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni pé tí mọ́tò bá já sí kòtò, tí sípíríǹgì fẹ́ máa fò sókè sódò, kó dì í mú kó sì fi í balẹ̀. Mọ́tò tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti kú á máa jó lọ lójú ọ̀nà, bíréèkì rẹ̀ kò ní í mú dáadáa, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ń fi ara rẹ̀ wewu.

Ọ̀gá Lámídì kì í fi ojú wo ṣọ́ọ̀kì kó ní èyí ló bá mọ́tò mu. Okùn ló fi ń wọ̀n ọ́n. Téèpù wà láyé nígbà náà, ó ní in nínú àpótí. Ó kàn ní kí a tó rìn láti abẹ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà, a ó ti gbàgbé nọ́ńbà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara wa. Á fi jáàkì gbé ara mọ́tò sókè títí táyà ẹ̀yìn á fi rọ̀ dirodiro. Á na okùn láti ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì máa so mọ́ dé ibi tí ìdí rẹ̀ máa so mọ́, á sì ta kókó kan síbẹ̀. Kókó jíjìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á sọ mọ́tò kalẹ̀, á wá ní kí ẹni tó ni mọ́tò lọ kó ẹrù rẹ̀ wá.

Ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà.

"Ọ̀gá Lámídì, ṣọ́ọ̀kì ni mo wá ṣe. Ẹ ní kí n lọ kó tòmátì wá?"

"Ṣé òfìfo lo fẹ́ máa fi mọ́tò ẹ gbé kiri ni?"

"Rárá, àmọ́..."

"Ó dáa, máa lọ kó o wá. Kó o kó o ju bó o ṣe ń kó o lọ."

Tí ẹrù bá ti kún un, á wo bí rọ́bà tó wà lábẹ́ ara mọ́tò ṣe sún mọ́ irin ẹ̀yìn tó. Tí wọn kò bá tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, á ní kí èmi àti Gàníyù gun orí ẹrù. Ìgbà tí rọ́bà bá ti ń fẹ́ kan irin ló máa tó na okùn náà lẹ́ẹ̀kejì, á ta kókó kejì. Kókó ìtòsí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì tí a bá máa rà, tí a bá nà án tán, ó gbọ́dọ̀ gùn ju kókó jíjìn lọ díẹ̀. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ kúrú ju kókó ìtòsí lọ díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn.

Mọ́tò tí wọ́n bá gbé ga ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Tí ẹ bá gbé mọ́tò ga, kókó jíjìn á sún síwájú, torí táyà á rọ̀ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kókó ìtòsí kò ní í kúrò níbi tó wà, torí rọ́bà àti irin ẹ̀yìn kò mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan kan ga. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé náà ni wọ́n á ti máa pàdé. Àmọ́ gbogbo ènìyàn ló máa ń rò ó pé bí mọ́tò bá ti ga, ṣọ́ọ̀kì tó gùn jù lọ ni kí àwọn rà. Kò sẹ́ni tó rán wọn, ojú ló ń tàn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, mo na ṣọ́ọ̀kì kan, ó ku ìwọ̀n èékánná kó kan kókó jíjìn. Mo ní, "Ọ̀gá, ó máa tó." Kò jágbe mọ́ mi. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò náà, ó ní kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí n máa wo àyè ìwọ̀n èékánná tó ṣẹ́kù yẹn. Mo wà níbẹ̀ títí tí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Nígbà tí mo jáde, ó bi mí pé ṣé ó tó. Mo ní kò tó. Ó fún mi ní oúnjẹ mi tó ti bò mọ́lẹ̀ dè mí.

Nígbà tó yá, Gàníyù gba òmìnira, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà. Awakọ̀ kan wà nígbà yẹn, Káṣìmù, ọkùnrin tó fẹ́ràn aṣọ tó sì fẹ́ràn mọ́tò ju aṣọ lọ. Ó ti gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ga, ó wá ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, pupa, ó gùn, ó ń dán. Ó gbé wọn wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì pé kó bá òun dè wọ́n.

"Lọ kó ẹrù wá ná," Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Tuntun ni! Inú páálí ni mo ti yọ ọ́!"

"Mo rí i. Ó rẹwà. Lọ kó ẹrù wá."

Káṣìmù rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ti ń dé sí Ọ̀gá. Ó sọdá ọ̀nà lọ bá Gàníyù. Gàníyù gbé mọ́tò náà sókè pẹ̀lú jáàkì, ó na okùn, ó ta kókó jíjìn, ó rí i pé ṣọ́ọ̀kì pupa náà kọjá rẹ̀ dáadáa. Ó dè é. Kò ta kókó kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, kò fẹ́ kí oníbàárà àkọ́kọ́ bínú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Káṣìmù kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún mọ́tò náà ní Mile 12. Alábàárù kan tó ń jẹ́ Músá gun orí ẹrù, torí ó máa bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tó ń lọ. Kòtò kan wà lẹ́nu ọjà nígbà yẹn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Mọ́tò já sínú rẹ̀. Kó tó di pé rọ́bà kan irin, ṣọ́ọ̀kì ti tẹ̀ tán pátápátá, kò ní ibi tó máa lọ mọ́, ó wá di òòlù. Ó gbá ibi tí orí rẹ̀ so mọ́, ibẹ̀ fà ya. Ṣọ́ọ̀kì náà já sílẹ̀, ó há mọ́ táyà, mọ́tò yíwọ́ sí gọ́tà. Músá já bọ́ láti orí apẹ̀rẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò náà kúrò lórí rẹ̀. Tòmátì pọ̀ nílẹ̀ débi pé a kò kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Gbogbo wa lérò pé Ọ̀gá máa lu Gàníyù. Ó sọdá ọ̀nà lọ bá a, àwa náà tẹ̀ lé e. Gàníyù jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

"Gàníyù, kókó mélòó lo ta?"

"Ọ̀kan ni, Ọ̀gá."

"Kó irinṣẹ́ ẹ. Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Láti ọjọ́ náà ni òfin tuntun ti dé, kò sì sí ẹni tó jáde lábẹ́ Ọ̀gá Lámídì tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá de ṣọ́ọ̀kì, òun ló máa jókòó sórí ẹrù nígbà àkọ́kọ́ tí mọ́tò náà bá máa jáde. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀. Gàníyù ló kọ́kọ́ jókòó. Ó di okùn ẹrù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èmi náà ti jókòó lórí iṣu, lórí àlùbọ́sà, lórí ẹja gbígbẹ, lórí àpò símẹ́ǹtì. Tí ẹ bá mọ̀ pé ìdí yín ló máa wà lórí ẹrù, ọwọ́ yín kò ní í yá jù.

Nígbà tí ara Músá yá, Ọ̀gá fún un láyè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta obì níbẹ̀. Kò bá Gàníyù jà, mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Àmọ́ tí oníbàárà kan bá ń kánjú, tó ń pariwo pé òun kò ní í kó ẹrù kankan wá, Músá á gbé ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á ní, "Kai, ọ̀rẹ́ mi, má kánjú. Ẹsẹ̀ mi náà kánjú, ó ti lọ ṣáájú mi." Ẹni náà á lọ kó ẹrù rẹ̀ wá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo pàdé Ràmọ́tù. Ìyá rẹ̀ ń ta ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ní Kétu, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Mo mú okùn mi lọ síbẹ̀, mo rí méjì tó bá kókó méjèèjì mu, mo tẹ̀ wọ́n, wọ́n le dáadáa. Mo ní kó bá mi dì í. Ó mú wọn lọ́wọ́ mi, ó gbé wọn sí orí páànù nínú oòrùn.

"Ẹ dúró kí oòrùn mú un ná."

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ fẹ́ sá ni?"

"Ẹja tí kò gbẹ kò lè pa yín. Èyí lè pa yín."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, ó le."

"Òwúrọ̀ kùtù lẹ wá, kí ló dé tí kò ní í le? Ẹ jókòó. Àbí wọ́n ń lé yín bọ̀?"

Mo jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Tí ara rẹ̀ bá tutù, á le bí òkúta. Tí mọ́tò bá rìn díẹ̀ tó sì gbóná, ọ́ìlì náà á ṣàn bí omi, ṣọ́ọ̀kì á di òfìfo. Oòrùn ló máa tú u fó kí títì tó tú u fó. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó fi àkísà mú wọn, ó gbé e nàró, ó tẹ̀ ẹ́, ó dijú bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó ní ọ̀kan dáa, ọ̀kan kò dáa. Mo tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì náà wò, ó wọlé bí ìgbà tí a ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ gbígbóná.

Mo padà lọ bá Ọ̀gá lọ́wọ́ òfo, mo sọ bó ṣe rí. Ó ní, "Ọmọ ta ni?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe fẹ́ Ràmọ́tù nìyẹn, tí mo bá yọ àwọn ẹ̀bẹ̀ àti àlọ-àbọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo gba òmìnira, Ìkòsí ni a kó lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ní ìsọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ní okùn, òun ní oòrùn. Ó máa ń to ọjà rẹ̀ ní ìnàró sí ara ògiri, gbogbo orí wọn á máa wo òkè, torí ṣọ́ọ̀kì tó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba àyè òróró nínú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí oòrùn tó mú ọjà, ó láyè. Ẹni tó bá ń kánjú, ó máa ń juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Owó tó wọlé tó wa jẹ, ó tó wa rán ọmọ méjì nílé ìwé, Wàsíù àti Sìkírá. Ìyẹn náà tó.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Sípánà ọlọ́wọ́ gígùn tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ ló ń tú nọ́ọ̀tì, tó ń ké bí agbọ́n. Ṣọ́ọ̀kì onígáàsì dé, tó máa ń na ara rẹ̀ tí ẹ bá tú okùn tí ilé iṣẹ́ fi dì í mọ́lẹ̀. Fóònù dé. Àwọn ọmọ á tẹ orúkọ mọ́tò sínú fóònù, fóònù á fi ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu hàn wọ́n. Ó wúlò, èmi náà ti ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Kìkì pé mọ́tò tó jáde láti ilé iṣẹ́ ni fóònù mọ̀, kò mọ èyí tí ẹ ti gbé ga ní Kétu. Ẹ tún ní láti na okùn.

Ọ̀gá Lámídì kú. Músá padà sí ìlú wọn, ibẹ̀ ló kú sí. Gàníyù kú, mo wà lára àwọn tó gbé e. Ràmọ́tù kú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn àwẹ̀. Àìsàn náà kò pẹ́. Sìkírá ti ìsọ̀ náà pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́, mo máa ń gba ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Wàsíù. Mo ní kó fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kúrú, ó ti ń fà títí ẹnu rẹ̀ fi ya, gbogbo òróró rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Mo na okùn, mo ta kókó jíjìn.

"Ó yá, lọ kó ata wá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn Bọ́sẹ̀ ń dúró dè mí lọ́jà."

"Kí àwọn náà bá ẹrù wọn wá."

Ó kùn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bí i sí nìyẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ó kó àpò ata wá, àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e, wọ́n ń bú u lójú ọ̀nà. Wọ́n gun orí ẹrù, mo ta kókó ìtòsí. Nígbà tó kù kí a wá ọjà, Wàsíù ní, "Bàbá, ó ṣeé ṣe kó wà ní ìsọ̀ Màámi."

Mo ní kí wọ́n pe Sìkírá.

Ó ṣí ìsọ̀ náà. Mo rò pé màá rí ìdàrúdàpọ̀. Gbogbo wọn ṣì wà ní ìnàró sí ara ògiri, orí wọn ń wo òkè, bó ṣe tò wọ́n. Eruku nìkan ló bò wọ́n. Wàsíù mú okùn, ó ń fi wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ méjì tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó nà wọ́n, wọ́n kọjá kókó jíjìn díẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n, wọn kò dé kókó ìtòsí. Wọ́n le. Ó kígbe.

"Bàbá! Màámi ti tọ́jú ẹ̀ dè mí!"

Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn obìnrin tó kù ń ṣe àdúrà fún òkú. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ Wàsíù, mo tẹ̀ ẹ́, ó le dáadáa lọ́wọ́ mi náà. Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé lọ́jọ́ yẹn ju pé kí n dè é sábẹ́ mọ́tò ọmọ Ràmọ́tù lọ.

Sìkírá ń wo ọwọ́ mi.

"Kí ni?" mo bi í.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé Màámi lọ sí ọsibítù ni àwọn yẹn dé. Èmi ni mo bá wọn to ó. Wọn ò tíì rí oòrùn."

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì náà kalẹ̀.

"Sìkírá, ata ń gbóná nínú àpò o," Wàsíù wí.

"Ata ẹ ni tàbí ìyàwó ẹ?"

Wàsíù fúnra rẹ̀ ló gbé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lọ sí orí páànù níta. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì Ràmọ́tù. Wàsíù wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àwọn obìnrin sọ àpò ata wọn kalẹ̀ sí abẹ́ ìbòòji, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí Ràmọ́tù ti kú.

Nígbà tí oòrùn mú wọn dáadáa, Sìkírá fi àkísà mú ọ̀kan, ó gbé e nàró, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Ó mú èkejì. Ó dijú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé wọ̀ọ̀. Ó gbé e fún Wàsíù, Wàsíù tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó wá gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí a ń de ní ọ̀kan ṣoṣo, méjèèjì ló máa ń jọ ṣiṣẹ́. A lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ ra tuntun tó bá kókó méjèèjì mu. Wàsíù ló kọ́kọ́ gbé wọn sí oòrùn, mi ò tíì la ẹnu. Mo dè wọ́n. Ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo dè wọ́n.

Lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n gbé mi gun orí ẹrù.

"Bàbá, rárá o! Èmi á jókòó síbẹ̀," Wàsíù wí.

"Ìwọ lo ń wa mọ́tò."

"Kí Sìkírá gùn ún nígbà náà."

"Ta ló de ṣọ́ọ̀kì?"

Bọ́sẹ̀ àti àwọn obìnrin náà tì mí láti ìdí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní ìdí àgbà wúwo ju àpò ata méjì lọ. Mo jókòó, mo di okùn ẹrù mú. Wàsíù wà á jẹ́jẹ́ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ lẹ́nu ọjà, ibi tí omi ti gbẹ́ kòtò tuntun. Kò rí àyè yà fún un. Mọ́tò já sínú rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wáṣẹ́, ohun tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn: kí mọ́tò lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó dúró. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kì í mọ̀ pé ẹnì kan ṣe iṣẹ́ kan. Tí ìyẹn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá kọ́ ọ.

Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ náà. Sìkírá ti gbọn eruku kúrò lára gbogbo ọjà, ó ti gbé àwọn kan sí orí páànù. Mo gbọn ìdí ṣòkòtò mi, mo yíjú sí ibi bẹ́ǹṣì, mo ní, "Ó dúró o, Ìyá Wàsíù."